Irinwó Wákàtí

Ọjọ́ Ajé, 2 Júùnù 2025

Òjò láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Mo dé Òjòtá, bàtà mi ti mu omi yó, mo jókòó ní ọ́fíìsì Ọ̀gá Káyọ̀dé, alábòójútó mi, bí ẹni tí ara rẹ̀ gbẹ. Wákàtí tí mo ti fi kọ́ṣẹ́ lábẹ́ wọn di 271 lónìí. Irinwó ni ilé ìwé ń béèrè kí wọ́n tó fi orúkọ mi ṣọwọ́ sí ìgbìmọ̀ tó ń fún òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn ní ìwé àṣẹ. Ìparí Ọ̀kítóbà ni wọ́n máa ti ìlẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń tọ́jú ọmọ aláìlóbìí ní Ifákọ̀. Gbogbo àdúgbò ń pè mí ní Aunty Wẹ́fíà, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn. Ìgbà tí wọ́n ní ẹni tí kò bá ní digirí àti ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ yẹn mọ́, ọ̀gá ilé wa bọ́ káàdì lọ́rùn mi, wọ́n fi kọ́ ọmọbìnrin kan lọ́rùn, ọmọ tí èmi fúnra mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ tuntun. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo lọ ra fọ́ọ̀mù ilé ìwé. Ọdún kẹfà rèé.

Kò sí ẹni tó máa dá mi padà sídìí ìkòkò oúnjẹ ọmọ mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 5 Júùnù

Ọ̀la ni Iléyá, kóòtù ni mo wà. Ìwé ẹ̀rí girama mi ń jẹ́ Alimotu, káàdì ìdánimọ̀ ń jẹ́ Halimat, wọ́n sì fẹ́ kí n búra pé ẹnì kan ṣoṣo ni àwa méjèèjì. Akọ̀wé béèrè èwo gan-an lorúkọ mi. Mo ní Hàlímátù ni bàbá mi sọ mí ní Ìsẹ́yìn, kò sí èyí tí wọ́n kọ dáadáa nínú méjèèjì. Ó rẹ́rìn-ín, ó lu òǹtẹ̀.

Àgbò ti kọjá agbára wa lọ́dún yìí. Kílò ẹran mẹ́ta ni Àmúsà ọkọ mi rà bọ̀ láti Ketu, ó sì gbé e wọlé bí ẹni tó fa àgbò oníwo wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Júùnù

Fáìlì tuntun. Màmá Martha, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, opó tí kò bímọ. Ilé tí ọkọ wọn kọ́ ní Ìkòsì ni wọ́n ń gbé, ayálégbé márùn-ún wà níbẹ̀. Rótìmí, ọmọ àbúrò ọkọ wọn, ló gbé ọ̀rọ̀ wá sí ọ́fíìsì. Ó ní orí Màmá ti dàrú, kí a lọ yẹ̀ wọ́n wò, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹbí lè mọ ohun tí wọ́n máa fi ilé náà ṣe.

Rótìmí ló mú mi wọlé, ó sì jókòó sí àárín èmi àti Màmá. Mo bi wọ́n pé ọjọ́ wo la wà. Wọ́n ní ó rọ̀ láàárọ̀. Mo bi wọ́n pé ta ni ààrẹ wa. Wọ́n ní rárá, kò rẹ àwọn. Rótìmí wò mí, ó mi orí. Àánú wọn ṣe èmi náà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe gbọ́ ọ.

Ọjọ́rú, 18 Júùnù

Mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ ni ó sọ sí mi lọ́kàn. Mo béèrè ọjọ́, wọ́n fi òjò dá mi lóhùn. Mo béèrè ààrẹ, wọ́n fi àárẹ̀ dá mi lóhùn. Orí tó bá dàrú kì í dàrú báyẹn. Etí ni.

Ọjọ́ Jímọ̀, 20 Júùnù

Mi ò sọ fún Rótìmí kí n tó lọ. Mo jókòó sí apá òsì Màmá, kò sí ìyàtọ̀. Mo gbé àga lọ sí apá ọ̀tún, mo tún béèrè pé ọjọ́ wo la wà.

"Jímọ̀ ni," wọ́n ní. "Ìwọ Mùsùlùmí ló yẹ kó mọ̀. Kí ló dé tí o ò tíì lọ kírun?"

Mo ní ṣé wọ́n ń gbọ́ mi dáadáa báyìí.

"Mò ń gbọ́. Etí òsì ló kú, èmi kọ́ ló kú."

Wákàtí méjì ni mo lò níbẹ̀. Wọ́n ka àwọn ayálégbé fún mi ní yàrá-yàrá: ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tó ń gbé ẹ̀rọ iná sẹ́nu ọ̀nà tí àwọn sì ti kìlọ̀ fún. Wọ́n sọ orúkọ àwọn tó bá wọn pààlà, tọ̀tún tòsì. Wọ́n ní Rótìmí mú ọkùnrin kan wá tó ń fi tépù wọn yàrá, ó ní gọ́tà ni àwọn fẹ́ tún ṣe. Màmá bi mí bóyá láti inú yàrá ni wọ́n ti ń wọn gọ́tà nísinsìnyí.

Ọjọ́bọ̀, 3 Júláì

Mo ti lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Ìròyìn mi pé ojú ìwé mẹ́rin, mo fi lé Ọ̀gá Káyọ̀dé lọ́wọ́. Ohun tí mo kọ sí ìparí ni pé Màmá Martha mọ ohun tí wọ́n ní, wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́, kí a mú wọn lọ ṣàyẹ̀wò etí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Júláì

Ọ̀gá Káyọ̀dé ti ìlẹ̀kùn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní mi ò mọ bí ayé ṣe ń yí. Wọ́n ní Rótìmí ti ran ọ́fíìsì yẹn lọ́wọ́ ju bí mo ṣe rò lọ, pé ẹ̀rọ atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí mi lára gan-an, òun ló gbé e wá. Wọ́n wá fa ìwé kan jáde tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀, ìròyìn mìíràn lórí Màmá Martha, àyè ìbuwọ́lù mi ló ṣófo nísàlẹ̀. Òjò àti àárẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìbẹ̀wò kejì àti kẹta kò sí.

"Wákàtí mélòó ló kù fún yín, Madam?"

Mo ní mẹ́rìndínláàádọ́rin ni, sà.

"Kò pọ̀ mọ́. Ẹ fọwọ́ sí èyí, kí èmi náà fọwọ́ sí tiyín. Gbogbo wa á lọ sílé."

Mo rántí gbogbo alẹ́ tí mo ti ń kàwé títí iná fi lọ, àti bí ọmọ mi Ajarat ṣe ń tẹ iṣẹ́ mi sórí fóònù rẹ̀. Mo gbé bírò tí wọ́n nà sí mi, mo dá a padà sórí tábìlì.

Mo ní, "Màmá yẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, sà. Mi ò lè kọ ọ́ pé wọn ò mọ̀ ọ́n."

Wọ́n mú ìwé wákàtí mi, wọ́n jù ú sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n tì í. Wọ́n ní kí n máa lọ, kí n má padà wá.

Ọjọ́rú, 9 Júláì

Àmúsà ní ṣé mi ò lè fọwọ́ sí i ni, kí n gba ìwé mi ná, kí n wá padà lọ ran Màmá lọ́wọ́ nígbà tí mo bá ti lágbára. Mo ní ìgbà tí mo bá fi máa padà débẹ̀, wọn á ti ta ilé náà mọ́ wọn lórí. Ó jẹun, ó fọ abọ́ méjèèjì fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 14 Júláì

Ilé ìwé. Mo kọ ẹ̀sùn mi sínú ìwé, wọ́n gbà á, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi. Ọ̀rọ̀ wákàtí ni mo bá wọn fà. Wọ́n ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe: alábòójútó tó ní ìwé àṣẹ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Tí kò bá ti fọwọ́ sí i, bí ẹni tí kò ṣe é ni.

334 wákàtí, bí ẹni tí kò ṣe é.

Wọ́n gbà mí nímọ̀ràn kí n dúró di ọdún tó ń bọ̀. Mo béèrè bóyá òfin kan wà tó ní kí n má bẹ̀rẹ̀ láti òdo lónìí. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ní kò sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Júláì

Mo sunkún nílé ìwẹ̀. Ẹkún náà ti tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Júláì

Ìlẹ̀kùn kẹrin tí mo kàn láti wá alábòójútó tuntun rèé. Ilé ìtọ́jú kan ní Mende, àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ni wọ́n ń kọ́ ní ìrìn àti ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mrs Adédiwúrà ni olórí ẹ̀ka ìgbáyégbádùn wọn, ìyá onírun funfun tí kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí ìdí tí mo fi kúrò níbi tí mo ti wà. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí, mi ò fi iyọ̀ sí i.

"Mi ò ní fi ìṣẹ́jú kan ta yín lọ́rẹ," wọ́n ní. "Tí ẹ bá pẹ́ dé, màá yọ ọ́. Tí ẹ bá kọ ohun tí ẹ ò rí, màá lé yín."

Mo ní ohun tí mo ń wá kiri náà nìyẹn, mà.

Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀. Mo máa ṣiṣẹ́ àárọ̀ ní Ifákọ̀, màá wà ní Mende láti aago mẹ́ta sí mẹ́fà, àti gbogbo Sátidé, àti ọ̀sán Sọ́ńdè. Wákàtí méjìdínlọ́gbọ̀n lọ́sẹ̀. Tí mi ò bá ṣàìsàn, á tó.

Ọjọ́bọ̀, 24 Júláì

Mo gbàyè lọ́wọ́ Mrs Adédiwúrà lónìí. Màmá Martha ní kí n tẹ̀lé àwọn lọ sílé ìwòsàn, mo tẹ̀lé wọn. Dókítà ní etí òsì ti dí pátápátá, ọ̀tún ṣì ń gbọ́ bí wọ́n bá súnmọ́ ọn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì kọ ọ́ lọ́tọ̀ pé òun bá wọn sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, orí wọn pé. Màmá ká ìwé náà, wọ́n fi sínú Bíbélì wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ìpàdé ẹbí ní Ìkòsì. Mo sọ fún Mrs Adédiwúrà pé Màmá Martha ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní kí n lọ, ṣùgbọ́n wákàtí yẹn kò ní wọlé. Mo ní mo mọ̀.

Bíi èèyàn mẹ́rìnlá ló jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá. Olórí ẹbí ni Bàbá Àkànní, àbúrò ọkọ wọn tó kù láyé, wọ́n ti lé ní àádọ́rin. Rótìmí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ka ìròyìn Ọ̀gá Káyọ̀dé sókè. Orúkọ mi wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lọ yẹ̀ wọ́n wò. Ìbuwọ́lù mi kò sí níbẹ̀. Ó ní ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà kò ní dúró mọ́, pé wọ́n á wá yàrá kan fún Màmá níbi tí ojú á ti máa tó wọn.

Mo dìde. Mo ní èmi ni Hàlímátù tó wà nínú ìwé yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá síbí, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n kọ. Rótìmí ní àjèjì kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí, kí n jókòó.

Màmá gbọ́ ìyẹn. Apá ọ̀tún wọn ni ohùn rẹ̀ ti wá.

"Àlejò mi ni," wọ́n ní. "Inú ilé mi ni gbogbo yín jókòó sí."

Bàbá Àkànní ní kí n máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Mo bẹ Màmá kí wọ́n mú ìwé dókítà jáde látinú Bíbélì, mo kà á. Mo ní tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ̀ bóyá orí wọn pé, kó wá jókòó síbi tí wọ́n ti ń gbọ́ràn, kó bi wọ́n. Bàbá Àkànní dìde, wọ́n gbé àga wọn fúnra wọn, wọ́n wá jókòó sí ọ̀tún Màmá.

"Ìyàwó wa, lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọ wọlé wa, ta ló ṣíwájú rẹ?"

"Ìwọ ni. O gbé àtùpà, o sì jẹ́ kó já bọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló sọ fún bàbá yín pé òun lòun fọ́ ọ, kí wọ́n má bàa nà ọ́."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, àmọ́ Bàbá Àkànní kò rẹ́rìn-ín. Ojú wọn pọ́n. Màmá ní àwọn ò tíì parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì ni Rótìmí ti mú oníwọ̀n wá, Sátidé kan àti Ọjọ́rú kan, pé àwọn ò tà. Tí àwọn bá kú tán, kí wọ́n wá wọ̀n ọ́n bó bá ṣe wù wọ́n.

Bàbá Àkànní gba ìròyìn yẹn lọ́wọ́ Rótìmí, wọ́n ya á sí méjì, wọ́n ní ọ̀rọ̀ títa ilé ti parí, kí ẹnikẹ́ni má gbé e wá síwájú àwọn mọ́.

Rótìmí dúró dè mí lẹ́nu géètì. Ó ní, "Madam, ẹ ò ní gba ìwé yẹn ní Èkó yìí."

Mo ní a ó jọ rí i.

Ọjọ́ Ajé, 11 Ọ́gọ́ọ̀sì

Wọ́n fún mi ní kúérì ní Ifákọ̀. Ẹnì kan pe ọ̀gá wa pé mò ń fi orúkọ ilé ọmọ aláìlóbìí da ẹbí onílẹ̀ rú. Mo kọ èsì rẹ̀ kí n tó jẹun ọ̀sán, ìdajì ojú ìwé: mi ò dárúkọ ilé náà níbì kankan, Sátidé ni, àkókò tèmi ni. Ọ̀gá ní tí mo bá lè fi ìwé tí mò ń lépa yìí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ á rọlẹ̀. Mo ní kí ọ̀rọ̀ má rọlẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 Ọ́gọ́ọ̀sì

Wákàtí mi ní Mende di 156.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Sẹ̀tẹ́ńbà

222. Òjò padà dé. Ata rodo ní Mile 12 ti di ohun tí a ń fojú kí. Mo ra tàtàṣé, mo kọjá lọ.

Obìnrin kan tó ti ń wá sí Mende láti Júláì, tí kò sọ̀rọ̀ rárá, bú mi lónìí. Ó ní ọmọ aláìgbọràn ni mí nítorí mo ní kó tún gbé ẹsẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara. Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́. Mrs Adédiwúrà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Lẹ́tà ilé ìwé tún dé. Wọ́n ti wádìí ẹ̀sùn mi, wọn ò ní rán akẹ́kọ̀ọ́ kankan lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Káyọ̀dé mọ́. Wákàtí mi kò padà wá. Mo fi lẹ́tà náà pamọ́.

Ọjọ́bọ̀, 9 Ọ̀kítóbà

Omi ti gba Agílítì àti ojú ọ̀nà wa. Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò fi lè jáde. Ibùsùn wa wà lórí búlọ́ọ̀kù, Àmúsà gbé ìwé mi gbogbo sókè àjà kó tó gbé aṣọ tirẹ̀. Mo rí i.

Mo ti kọ̀wé béèrè ìsinmi ọdọọdún mi. Mende ni màá lò ó sí.

Ọjọ́bọ̀, 30 Ọ̀kítóbà

Mo gbé ìwé wákàtí fún Mrs Adédiwúrà ní aago méjì, irinwó géérégé. Wọ́n kà á láti ojú ìwé kìíní, wọ́n ń fi bírò pupa tọ́ ọ. Wọ́n fagi lé wákàtí méjì. Ọjọ́ kan tí mo kọ pé mo wà pẹ̀lú aláìsàn, aláìsàn náà ti lọ sílé nígbà yẹn. Ilé oúnjẹ ni mo jókòó sí tí mò ń dúró dè é. Òótọ́ ni.

Mo béèrè bóyá mo lè ṣe méjèèjì lónìí. Wọ́n tọ́ka sí bàbá kan tó ń dúró de ẹni tó máa mú un rìn. Mo mú un rìn di aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Jímọ̀, 31 Ọ̀kítóbà

Mo ti fi ìwé wákàtí náà lé ilé ìwé lọ́wọ́. Èmi ni mo kẹ́yìn lórí ìlà. Obìnrin tó gbà á ti gbé báàgì rẹ̀ sí èjìká.

Ọjọ́rú, 19 Nòfẹ́ńbà

Ìdánwò ẹnu níwájú ìgbìmọ̀ ìwé àṣẹ. Àwọn mẹ́ta ló jókòó síwájú mi. Wọ́n béèrè òfin ọmọdé, wọ́n béèrè àṣírí oníbàárà, mo dáhùn. Ẹni àárín wá ṣí fáìlì mi, wọ́n ní àwọn rí i pé mo ní ìjà pẹ̀lú alábòójútó mi àkọ́kọ́.

"Ẹni tó bá ṣàìgbọràn sí ọ̀gá rẹ̀, báwo la ṣe fẹ́ fọkàn tán an?"

Mo ní ọ̀gá mi kọ́ ló máa sùn níta tí ìròyìn yẹn bá jáde. Mo ní tí wọ́n bá fẹ́ ẹni tó máa fọwọ́ sí ohun tí kò rí, irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílùú, wọn ò nílò mi.

Wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n ní kí n máa lọ.

Mo rò pé mo ti bà á jẹ́. Kí ó bàjẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 11 Dìsẹ́ńbà

Mo yege. Lẹ́tà ìgbìmọ̀ dé pẹ̀lú káàdì ìwé àṣẹ mi. Àmúsà ka lẹ́tà náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó wá jáde lọ kà á fún àwọn ará ilé yòókù. Mrs Adédiwúrà ní kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ní Ọjọ́ Ajé, kí n má pẹ́. Mo kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní Ifákọ̀. Àwọn ọmọ mẹ́ta kékeré dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ìyẹn nìkan ló fẹ́ dá mi dúró.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Dìsẹ́ńbà

Bàbá Ẹ̀bùnọlá, ọ̀kan lára àwọn tí a ń kọ́ ní ìrìn, kò wá mọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Mo lọ wò wọ́n ní ilé wọn ní Ketu. Ọkọ ọmọ wọn, Gbọ́láhàn, dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò yà fún mi. Mo ń gbọ́ ohùn Bàbá látinú yàrá, wọ́n ń fi nǹkan gbá ìlẹ̀kùn. Àgádágodo wà lára ìlẹ̀kùn náà láti ìta.

Ó ní ìdí tí òun fi tì wọ́n mọ́lé ni pé wọ́n ń ṣubú. Ó ní ta ni mí gan-an.

Mo fi káàdì mi hàn án. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní ike lásán ni.

"Ike ni," mo ní. "Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbà á. Ẹ ṣílẹ̀kùn."

Ó wò mí. Mi ò mira. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde.